Dígí Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa, ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sínú ìwé tí ẹ ń ṣe nípa àwọn ayàwòrán ilé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́ ibi ìpéjọ fún àwọn èèyàn wọn. Ẹ tilẹ̀ ti ya fọ́tò mi sílẹ̀: èmi nìyẹn nínú ẹ̀wù dúdú, mo fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n bí ẹni tí ń ronú nípa ayé, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ọ̀sán ni mo ń rò. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìwúrí ti tán lẹ́nu mi. Dókítà ti bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó sọ, àwọn ọmọ mi sì ti ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé bí ẹni pé ìró ẹsẹ̀ wọn ni yóò pa mí. Ohun tí mo gbé mì láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni mo fẹ́ pọ̀ síta, nítorí bí mo bá gbé e wọ ilẹ̀ lọ, ilé kan yóò bá mi lọ, ilé náà kò sì ṣẹ̀ mí. Ilé ìgbẹ̀bí tí ọ̀gá mi kọ́ ni. Òun nìkan ló kù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára pé kí wọ́n wó o. Èmi ni mo kun ọ̀dà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi kò kan búrọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ọ̀gá mi í ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín kò bá a láyé, ìwọ̀nba tí ẹ sì gbọ́ nípa rẹ̀, irọ́ mi ni. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìjọba fún ní ìlú wa. Kí ó tó dé, àwọn tí kò lè sùn mọ́jú ní àdúgbò wa ni wọ́n ń ya ibi tí a ó máa gbé fún wa. Fèrèsé wọn ga débi pé ojú ọ̀run nìkan ni ènìyàn ń rí, àfi bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí á mọ ohun tó ń lọ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ọ̀gá mi kọ́ gbọ̀ngàn fún àdúgbò, kò kọ́kọ́ mú bébà. Ó kó àga sí pápá, ó ní kí àwọn èèyàn wá jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó tí ọ̀rọ̀ gidi bá wà nílẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò wọ́n. Ó rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ẹnì kejì, pé àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń wá ẹ̀gbẹ́ ògiri, pé àwọn àgbà fẹ́ máa rí ẹni tó ń bọ̀. Ìjókòó wọn yẹn ló yà sórí bébà. Bẹ́ǹṣì bíríkì yí inú gbọ̀ngàn ká, fèrèsé wà ní ibi tí ojú ẹni tó jókòó ti lè rí ìta, ilẹ̀kùn sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pósí àti àwọn tó gbé e lọ́tùn-ún lósì lè wọlé láì yíra padà. "Ibi tí wọ́n bá ti gbéyàwó náà ni wọ́n á ti sunkún," ọ̀gá mi a máa wí. "Má kọ́ ilé tó mọ ẹ̀rín nìkan." Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló to bíríkì rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ìlà tirẹ̀ lára ògiri, wọn a sì máa fọwọ́ pa á bí wọ́n bá ń kọjá, bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Èmi ni ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù. Pẹ́ńsùlù ló ń pè mí, nítorí n kì í yọ pẹ́ńsùlù kúrò lẹ́yìn etí, kódà níbi ìsìnkú. Òun ló ràn mí lọ́wọ́ tí mo fi lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí mo padà dé, mo ti gboyè, mo ti ra awò ojú roboto, mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè tí kò le. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń ṣe é; mo rí yín níbi ìpàdé tó kọjá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń rí gbà kò ju ṣọ́ọ̀bù àti ilé epo lọ. Bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn wá, á wọ ọ́fíìsì mi, á mu omi mi, á yin àga mi, á wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dé gbọ̀ngàn ọ̀gá yín?" Èmi olóyè wá di atọ́nà. Gbọ̀ngàn tèmi wà nínú ọ́fíìsì, páálí ni mo fi ṣe é, òrùlé rẹ̀ nà bí apá ẹyẹ tó fẹ́ fò, dígí ló sì yí i ká. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo ti ń nu eruku ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ta ló ń gbé inú ilé yìí tí ẹ fi ń tún un ṣe lójoojúmọ́?" Mo ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ó ní, "Ó dáa. Kí ọpọlọ máa bọ̀ wá jẹun."

Ìgbà náà ni ògiri gbọ̀ngàn ọ̀gá mi lanu díẹ̀ lókè fèrèsé kan. Ẹnu náà kò ju ohun tí èékánná lè wọ̀ lọ. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló sán, bíríkì inú rẹ̀ kò mọ̀ sí i. Awọ ló bó, egungun kò ṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn: mo mọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn ní kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ògiri bá lanu, a ó gé dígí tó fẹ́lẹ́, a ó fi dábùú ẹnu náà, a ó fi sìmẹ́ǹtì lẹ etí rẹ̀ kan mọ́ ìhín, a ó lẹ èkejì mọ́ ọ̀hún, a ó sì fi í sílẹ̀. Bí ògiri bá ṣì ń rìn, dígí kì í ṣe rọ́bà, yóò ṣẹ́. Bí kò bá ṣẹ́, ògiri ti jókòó nìyẹn, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. "Dígí kì í purọ́," ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún mi pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ lè purọ́. Bóyá kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ọ́.

Mo lẹ dígí. Òjò rọ̀ tán, oòrùn sá ilẹ̀ gbẹ, dígí wà níbẹ̀ digbí, ó ń dán, ó ń wò mí. Agbaṣẹ́ṣe kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní Kò-Séwu, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ilé tó kọ́ bá ti ń mì. Ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó yí ilé páálí mi po, ó súfèé. "Akítẹ́ẹ̀tì, ilé rèé! Kí ló ń ṣe nínú páálí?" Mo ní kò sílẹ̀. "Ilẹ̀ ń bẹ. Ohun tó dúró lórí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ráyè." Mo ní ilé ọ̀gá mi nìyẹn. "Mo mọ̀. Èmi náà ní ọ̀gá. Ṣùgbọ́n dígí yẹn, ṣé kò tíì ṣẹ́ ni?" Mo ní kò tíì ṣẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dígí ni, Akítẹ́ẹ̀tì. Kí ni dígí ń ṣe láyé ju kó ṣẹ́ lọ? Kò séwu." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ti wù mí láti sọ pé òun ló tì mí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró létí bèbè tó ń na ọrùn wo ìsàlẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹni tí yóò tì í ṣe? Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Èmi aláǹgbá yìí, ẹnu tí ògiri là kò gbà mí, mo bá fi ọwọ́ ara mi ya á.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níta, ìyá àgbàlagbà kan sì ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì inú gbọ̀ngàn, aṣọ tó ń rán wà lórí itan rẹ̀. Mo gun àga, mo fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gbá dígí náà. Kò ṣẹ́, mo ti lẹ̀ ẹ́ dáadáa jù. Mo tún gbá a, ó fọ́, ṣùgbọ́n ó fọ́ bí ìràwọ̀, ó là kiri láti ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti bà á. Ìyá náà lajú. "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni, Mama. Ògiri ni mò ń yẹ̀ wò." Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ o," ó sì padà sùn. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀! Wọ́n ti bú mi rí láyé yìí, kò sí èébú tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé dígí ti ṣẹ́, pé ó yẹ kí wọ́n wó gbọ̀ngàn; wọ́n gbà mí gbọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ẹni tó wọ awò ojú roboto kì í pẹ́ ṣàlàyé. Àwọn ará àdúgbò ló yarí. "Ẹni tó kọ́ ọ ṣì wà láàyè," wọ́n wí. "Bí òun bá ní kí á wó o, a ó wó o. Bí kò bá wí i, kí katapílà yín gba ilé lọ." Ojú ọ̀gá mi ti di bàìbàì nígbà náà, funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń rí ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí. Ìka yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù. Dígí tí ògiri bá fà ya máa ń ṣẹ́ ní ìlà kan ṣoṣo, yóò tẹ̀ lé ẹnu ògiri. Èyí tí ènìyàn bá gbá ló máa ń là káàkiri. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi ní ìyẹn náà. Mo mọ̀ pé bó bá fọwọ́ kan ìràwọ̀ yẹn, ó parí. Nítorí náà mo ṣí i kúrò. Mo wá dígí mìíràn, mo fi irin ìgédígí fa ìlà kan sí i, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì wẹ́rẹ́, mo lẹ apá kan síhìn-ín, mo lẹ apá kan sọ́hùn-ún, mo fi àyè tó tó fọ́nrán òwú sáàárín. Mo fi eruku pa sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́. N kò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bèèrè pé èwo nínú iṣẹ́ mi ni mo rò pé ó pegedé jù, ẹ ti gbọ́.

Ọmọ ọ̀gá mi obìnrin, tó ń ṣe agbẹ̀bí, ló dì í lọ́wọ́ mú wá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. "Pẹ́ńsùlù." "Sà." "Gbé mi gun àga." Mo dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú, ó gòkè. Ìka rẹ̀ rìn lórí ògiri, ó kan dígí, ó dúró. Ó lọ, ó bọ̀. Ó ti èékánná bọ àárín rẹ̀. "Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́?" "Èmi ni, sà." "Ìwọ lo rí i pé ó ti ṣẹ́?" "Èmi ni, sà." "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án?" Àyè ṣì wà nígbà náà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin náà ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún mi gbayawu. Mo ní, "Kò sí, sà." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "O ṣeun," ó ní. "Ẹlòmíràn ì bá fi pamọ́ fún mi nítorí ojú. Ìwọ ò jẹ́ kí ilé mi pa ọmọ ọlọ́mọ."

Mo rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Kò tíì dé ibẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó yíjú sí àwọn tó jókòó yí ògiri ká, ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀ bí afọ́jú ti ń ṣe, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí," ọ̀gá mi wí. "Ẹ̀yin lẹ to bíríkì, ẹ tò ó dáadáa. Èmi ni mo ṣi ìpìlẹ̀ yà. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í. Ṣùgbọ́n dígí kì í purọ́. Ẹ wó o." Ẹkún sọ nínú ilé. Ìyá tó sùn lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ dáhùn: "A ti dárí jì yín, Bàbá. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Ló bá di pé gbogbo wọn ń wí i, láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, a ti dárí jì yín, a ti dárí jì yín. Wọ́n yíjú sí mi. Èmi náà sì wí i. Ẹ gbọ́ mi yé o: mo la ẹnu mi yìí, mo dárí ji ọ̀gá mi.

Wọ́n wó gbọ̀ngàn náà. Mo kọ́ tèmi sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun lẹ fẹ́ fi ṣe èèpo ìwé yín. Ó rẹwà nínú fọ́tò, pàápàá bí kò bá sí ènìyàn nínú rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn wọn á kọ́kọ́ lọ kí òrùlé kó tó padà wá, nítorí náà ìta ni wọ́n ti ń sọ ohun tó bá ká wọn lára. Wọ́n fún mi lámì ẹ̀yẹ. Ọ̀gá mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Títí tó fi kú ló ń fi ìka ya ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn sórí aṣọ ìbora rẹ̀, tó ń wá ibi tí òun ti ṣì í. Nígbà tí wọ́n gbé pósí rẹ̀ dé gbọ̀ngàn mi, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n dà á síhìn-ín, wọ́n dà á sọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé e padà sínú oòrùn. Mo wà nínú ilé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdágbére tí mo ti kọ sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ wà níta, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi.

Irọ́ kò mọ ibi tó ń gbé dúró. Àwọn tó ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú lè kun ilé, pé kò lè fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ̀rí dé ọwọ́ wọn, láti ẹnu ọ̀gá wa fúnra rẹ̀. Wọn kò yẹ ilé rẹ̀ yòókù wò mọ́. Wọ́n wó ilé ìkàwé, wọ́n wó ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba dù ní ìlú yìí láti ìgbà náà, ẹ ti máa ń bi ara yín pé kí lẹ ṣe. Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Lọ́dún tó kọjá, kí àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀, ọmọ ọ̀gá mi wá bá mi nígbà tó gbọ́ pé ó kan ilé ìgbẹ̀bí tó ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. "Bọ̀dá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn bàbá mi dé ibi òtítọ́. Ẹ bá mi lẹ dígí sí i. Bó bá fẹ́ wó, kí wọ́n wó o kó tó pa ọmọ. Bí kò bá fẹ́ wó, ẹ bá mi sọ fún wọn, wọ́n á gbọ́ tiyín." Mo lọ. Mo lẹ dígí. Títí di ọ̀sẹ̀ yìí, ó wà bí mo ti fi í sí. Mo kọ̀wé sí ìjọba ìlú pé ilé náà le bí àpáta. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá pé ìfẹ́ ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, pé ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe, ta ni í tún ń gbèjà rẹ̀? Ìgbà kan ṣoṣo tí mo sọ òtítọ́ nípa ọ̀gá mi, irọ́ mi ló dìde dá mi lẹ́kun.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, mo sì rò fún un gẹ́gẹ́ bí mo ti rò fún yín. Ó ń tún ibùsùn mi tẹ́ bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ agbẹ̀bí kì í dúró. Nígbà tí mo dé ibi ìkúnlẹ̀, ọwọ́ náà dúró. "Ẹ̀yin náà dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo gbọ́ ohùn yín." "Bẹ́ẹ̀ ni." "Ó sọ ọ́ nílé. Ó ní Pẹ́ńsùlù náà ti dárí ji òun, pé ìyẹn ló jẹ́ kí òun rí oorun díẹ̀ sùn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. "Ẹ dákẹ́ ná, Bọ̀dá. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ inú yàrá ṣe? Lójú gbogbo àdúgbò ni bàbá mi kúnlẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí gbogbo èèyàn á ti gbọ́, ẹ sì sọ ọ́ kí katapílà tó dé." Ó tẹ́ ibùsùn náà tán, ó ká igun rẹ̀ kó gún régé, ó sì jáde láì dágbére.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde bí mo ti kọ ọ́, kí ẹ sì mú un lọ síwájú ìjọba ìlú kí ìwé yín tó jáde pàápàá. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan lọ. N kò jẹ́ ẹni tí ènìyàn ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹ lọ lẹ dígí tiyín, kí ẹ̀yin àti àwọn ará àdúgbò jọ máa ṣọ́ ọ, kí ó má ṣe sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá ń jó yín lára, ẹ tètè sọ ọ́ jáde, kódà kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlara tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín kì í dàgbà. Ẹ yọ fọ́tò mi kúrò. Bí ojú ewé náà bá ṣófo, ẹ ya ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ọ̀gá mi sí i, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àṣìṣe kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ dárí jì í lọ́jọ́ náà, ẹ gba ìdáríjì yín padà, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ fi jì í kò sí. N kò ní kí ẹ kó o fún mi. Ó wù mí, ṣùgbọ́n n kò tó ẹni tí í bèèrè. Ẹ kàn bá mi lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wó o. Bí awakọ̀ katapílà bá bi yín pé ta ló sọ pé ilé yìí le, ẹ dá a lóhùn pé ẹni tó purọ́ mọ́ ẹni tó kọ́ ọ ni.